Bí Ìjàpá Ṣe Gba Ahọ́n Òòrẹ̀ Oṣó

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi ti dé ẹnu ọ̀nà o!

— Ẹ jẹ́ kó wọlé, a ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é!

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó fò kọjá orí àjà. Kò bà lé Erin, kò bà lé Ẹfọ̀n, ẹ̀yìn rúbútú kan tó rí ṣákiṣàki ló bà lé. Ta ló ni ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀?

— Ìjàpá ni!

Òun náà ni, ọkọ Yánníbo. Ẹ wá bá mi wá ìdáhùn ọ̀rọ̀ kan. Ta ló fi ojú ìlara wo ẹrù tó wà lórí ẹlòmíràn, tó gbà á, tó tún wá ń bẹ ẹni tó ni ín pé kó jọ̀wọ́ kó gbà á padà? Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ má tíì sọ ọ́ síta. Ìwọ Mosúnmọ́lá, má ti ẹ̀gbọ́n rẹ, àyè wà níbí. Ó yá, ẹ gbọ́.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé pọ̀ ní ìlú kan létí odò, oṣó kan wà láàárín wọn. Mo rí i pé ẹ̀rù ti fẹ́ bà yín. Ẹ má fòyà. Oṣó yìí kì í pa ọmọ ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe ibi. Òòrẹ̀ ni, arúgbó tí ẹ̀gún ara rẹ̀ ti funfun dé ìdí, tó ń gbé inú ihò kan lábẹ́ igi àràbà. Bàbá Òòrẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é.

Ohun tí Bàbá Òòrẹ̀ lè ṣe kò kéré. Bó bá bá nǹkan sọ̀rọ̀, nǹkan náà á gbọ́. Kì í pariwo, kì í halẹ̀, kì í bú nǹkan kan. Yóò kàn sọ ohun tó fẹ́, yóò sì sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Lọ́dún kan tí ìjì fẹ́ ká gbogbo ìtẹ́ ẹyẹ lórí igi, ó jáde síta, ó ní, "Ìjì, rọra, nítorí ẹyin wà nínú ìtẹ́." Ìjì rọra. Nígbà tí Ẹtu ṣubú tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ní, "Eegun, padà sí àyè rẹ, nítorí ìyá ọlọ́mọ ni." Eegun padà. Ẹtu dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ sílé.

Ṣùgbọ́n àléébù bàbá yìí náà pọ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, á máa kí òkúta pé ẹ kú àárọ̀. Nítorí ara tó ti gbó, bó bá ti bá nǹkan sọ̀rọ̀ tán, oorun àgbà á gbé e lọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Kò lè fi agbára náà wá oúnjẹ fún ara rẹ̀. Bí ará ìlú ò bá gbé nǹkan wá, ebi ni yóò sùn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè sọ pé rárá. Èyí tó wá burú jù ni pé kò lè purọ́. Ohunkóhun tí o bá bi í, òtítọ́ ni yóò jáde, ì báà korò bí ewúro. Erin bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé ẹ rí i pé ara mi ti fúyẹ́ díẹ̀?" Bàbá ní, "Rárá o, o tún ti sanra sí i." Odidi oṣù méjì ni Erin ò fi kí i mọ́.

Ìjàpá ò bìkítà fún gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí iná ṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Koríko ti gbẹ wáúwáú. Iná kan dìde lẹ́yìn oko Àgbò, ó ń bọ̀ wá sí ìlú pẹ̀lú ariwo. Ìjàpá ló kọ́kọ́ rí i. Ó sáré, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí eré Ìjàpá ṣe rí, ó ń pariwo, "Iná o! Iná o! Ẹ gbé ọmọ yín o!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Ariwo rẹ̀ ló jí gbogbo ìlú. Ìgbà tí wọ́n jáde, Bàbá Òòrẹ̀ náà wọ́ ẹsẹ̀ dé, ó dojú kọ iná, ó ní, "Iná, ó tó, nítorí àwọn tí kò lè sáré wà nínú koríko." Iná rẹlẹ̀, ó di èéfín, èéfín náà sì tán.

Ìlú hó yè. Wọ́n gbé Bàbá Òòrẹ̀ sókè láìka ẹ̀gún rẹ̀ sí. Wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin yí i ká. Ìjàpá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èédú kún ojú rẹ̀, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó sọ pé, "Ìjàpá, o ṣé." Ẹnì kan ṣoṣo tó bá a sọ̀rọ̀ ni Àgbò, tó ní, "Ṣé kò sí o, Ìjàpá? Kí lo ń wá lẹ́yìn oko mi láàárọ̀ kùtù?"

Ìjàpá lọ sílé.

Nígbà tó délé, òórùn àsáró ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Yánníbo ti fi epo pupa àti ẹja gbígbẹ sè é, ó ń hó kùtùkùtù. Inú Ìjàpá rọ̀ díẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó. Yánníbo bu àsáró sínú igbá tuntun, ó fi ewé bò ó, ó gbé e lé orí.

"Ta lo ń gbé ìyẹn fún?"

"Bàbá Òòrẹ̀ ni. Ó ti sùn lọ bó ṣe máa ń sùn. Bó bá jí, ebi á máa pa á."

"Èmi ńkọ́?"

"Tìrẹ wà nínú ìkòkò. Ó kàn jóná díẹ̀ nídìí ni."

Yánníbo ò tètè dé. Ìgbà tó máa dé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Òórùn oúnjẹ ló jí bàbá kí ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ tó pé. Ó ní kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ dùn tó tèmi nílùú yìí. Ìwọ náà mọ̀ pé kò lè purọ́."

Ìjàpá ti oúnjẹ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìlara wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí ìjàlọ bá wọ ṣòkòtò ènìyàn. Bó bá jókòó, á ta á. Bó bá dìde, á ta á. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Kí ló ní tí èmi ò ní? Arúgbó tó ń kí òkúta! Èmi ni mo pariwo, òun ni wọ́n gbé sókè. Èmi ni mo gbé Yánníbo níyàwó, òun ló jẹ àsáró rẹ̀."

Ó ronú fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó lọ sí ààfin Kìnnìún, ọba àwọn ẹranko.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ kan ń jà nílẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn. Wọ́n ní ohùn yín kì í dún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká pe Bàbá Òòrẹ̀ kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, kí ẹnu wọn lè pa mọ́."

Ọba ránṣẹ́. Bàbá Òòrẹ̀ dé, ó kí òpó ààfin, ó kí ọba. Ìjàpá dìde láàárín àwọn ìjòyè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ṣé bí ọba wa bá bú ramúramù, ohùn wọn ṣì ń dé òdìkejì odò?"

Bàbá Òòrẹ̀ wò ó títí. "Ìjàpá, ṣé ibí yìí ló yẹ kó o ti bi mí?"

"Mo ti bi yín náà, Bàbá."

"Kò dé ibẹ̀," ni Bàbá Òòrẹ̀ wí. "Ó ti di ọdún mẹ́ta tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ààfin. Àwọn ìjòyè kàn ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni."

Ìjàpá ti ń wo ibi tí orí arúgbó yóò ṣubú sí. Ọba wá ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bi àwọn ìjòyè mi. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ó ń dún bí àrá. Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọ̀fun mi. Mo wá rò pé orí mi ló dàrú. Bàbá, ṣé ó lè san?"

"Yóò san, bí ẹ bá dákẹ́ fún oṣù méjì."

Ọba dìde, ó fa Bàbá Òòrẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Láti òní lọ, ẹ̀gbẹ́ mi ni ìjókòó yín." Láti ọjọ́ náà ló sì ti dákẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìjàpá gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Ó ń lọ lọ́nà, ó ń kùn. "Àléébù tí mo fẹ́ fi tì í ṣubú ló tún gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ọba! Kò burú. Ọ̀kan ṣì kù. Kò lè kọ̀ fún ẹni tó bá tọrọ nǹkan."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìjàpá ti wà nídìí àràbà.

"Ẹ kú ojúmọ́ o, Bàbá."

"Kú ojúmọ́, Ìjàpá. Kí lo fẹ́?"

"Ẹ fún mi ní agbára yín."

Bàbá Òòrẹ̀ jókòó. Ó ní, "Mi ò lè sọ pé rárá, o sì mọ̀ ọ́n kó o tó wá. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó wà ńbẹ̀. Bó o bá gbà á, o ò ní lè purọ́ mọ́."

"Ẹ fún mi ní apá tó lágbára, kẹ́ ẹ fi èyí tí kò dáa sílẹ̀ fún ara yín."

"Apá méjì kọ́ ni, ọmọ mi. Kí lo rò pé ó ń mú odò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi? Odò ò bẹ̀rù mi. Kò tíì bá irọ́ lẹ́nu mi rí ni."

Ìjàpá wò ó tìfuratìfura. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ahun ni bàbá yìí, kò kàn fẹ́ já a sílẹ̀ ni. Ó gbàgbé ẹni tó ń jẹ́ Ahun. Ó na ahọ́n síta.

Bàbá Òòrẹ̀ fa ẹ̀gún kan yọ lára rẹ̀, ó fi kan ahọ́n Ìjàpá. Ó ta á bí ata. Bàbá Òòrẹ̀ mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti gbòǹgbò igi bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ìjàpá fẹ́ sọ pé, "Ẹ ṣé, Bàbá, mo fẹ́ràn yín gan-an ni." Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò fẹ́ràn yín rárá."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo mọ̀," ni Bàbá Òòrẹ̀ wí. "Máa lọ síbi tó ò ń lọ."

Ìjàpá dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀kùn, ṣí, nítorí ó ti rẹ̀ mí." Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ó ní, "Odó, sún mọ́ mi, nítorí mo fẹ́ jókòó." Odó yí gbirigbiri wá. Ìjàpá jókòó lé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló jáde, ó ké jákèjádò ìlú pé kí gbogbo ẹranko péjọ sí ìta gbangba lọ́sàn-án, wọn yóò rí ohun tí ojú wọn ò rí rí. Ó wá ń kọrin lọ sójú agbo. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló gbọ́n jù nílùú yìí?
— Jíńjìn, jíńjìn!
Ta ló gbọ́n jù nílùú yìí?
— Jíńjìn, jíńjìn!
Òòrẹ̀ ló gbọ́n jù ńbẹ̀,
— Jíńjìn, jíńjìn!
Èmi kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni,
— Jíńjìn, jíńjìn!

Ìjàpá dúró gbọnrangandan. Ó ní, "Orin yìí ò dáa." Ó ń súfèé lọ.

Ní ìta gbangba, igi àgbálùmọ̀ kan wà tí èso rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n tó ga ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ. Ìjàpá nàró níwájú rẹ̀, ó ní, "Àgbálùmọ̀, gbọn ara rẹ, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí." Igi gbọn ara rẹ̀. Èso ń já lulẹ̀ pòpòpò bí òjò yìnyín. Àwọn ẹranko bú sáriwo, "Bàbá Ìjàpá! Bàbá Ìjàpá o!" Wọ́n ń ṣa èso, wọ́n ń kí i, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Háà, ẹ̀yin ọmọ, ó dùn mọ́ ọn dé eegun. Ó wẹ̀yìn bóyá Yánníbo ń wo òun. Yánníbo ń wò ó.

Ajá, tí àgbálùmọ̀ kún ẹnu rẹ̀, ló wá béèrè pé, "Bàbá Ìjàpá, ibo lẹ ti rí agbára yìí?"

"Lọ́wọ́ Òòrẹ̀," ni Ìjàpá dáhùn. "Mo mọ̀ pé kò lè kọ̀, mo wá lọ tọrọ rẹ̀ nítorí ìlara."

Ariwo rọlẹ̀. Ìjàpá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu, ṣùgbọ́n Àgbò ti tẹ́tí sílẹ̀. Àgbò sún mọ́ ọn.

"Ìjàpá, ta ló wú iṣu mi lọ́jọ́ tí iná ṣẹ́?"

"Èmi ni. Iṣu mẹ́fà ni mo wú. Èyí tó ṣe keje ni mò ń wú lọ́wọ́ tí mo fi rí iná."

Kìnnìún rọra sọ̀rọ̀ nínú ọ̀fun. "Ọjọ́ tó o mú Òòrẹ̀ wá sí ààfin ńkọ́? Ṣé iyì mi lò ń dáàbò bò?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ́ ẹ lórí ni."

Yánníbo wá jáde láàárín èrò. Kò pariwo. Ó ní, "Kí ni bàbá arúgbó yẹn ṣe fún ọ?"

Ìjàpá gbìyànjú láti fi eyín mú ahọ́n rẹ̀. Kò rí i mú. Ó ní, "Kò ṣe mí ní nǹkan kan. O gbé àsáró lọ fún un, o sì ń bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ti pẹ́ tó o ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ sí mi."

Yánníbo wo ilẹ̀.

Àgbò ò wolẹ̀ ní tirẹ̀. Igi ló mú. Àwọn yòókù náà mú igi. Ìjàpá rí wọn, ó kígbe pé, "Ẹsẹ̀ wọn, ẹ dúró, nítorí..." Ó fẹ́ sọ pé nítorí òun ò ṣẹ̀. Ohun tó jáde ni, "nítorí igi náà tọ́ sí mi!" Ńṣe ni àwọn ẹsẹ̀ náà tún yára sí i.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ igi kalẹ̀ lé e ni igbe Ẹtu ti ta láti etí odò.

"Ọmọ mi o! Ẹ gbà mí o! Odò ti gbé ọmọ mi o!"

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lókè odò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Omi pupa ti dé, ó ń ru gùdù. Ọmọ Ẹtu, tó ti lọ mumi, ti wà láàárín gbùngbùn odò, ó di ẹ̀ka igi kan mú, ẹ̀ka náà sì ń já díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹranko sáré lọ sí etí omi. Kò sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀. Wọ́n yíjú sí Ìjàpá.

"Ọwọ́ rẹ ló wà! Bá odò sọ̀rọ̀!"

Ìjàpá wọ inú omi dé orúnkún. Ó ní, "Odò, jókòó, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ iṣu."

Odò hó, ó dé àyà rẹ̀.

"Odò, jókòó, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Bàbá ju Òòrẹ̀ lọ!"

Odò dé ọrùn rẹ̀. Ẹ̀ka igi já ní apá kan. Ẹtu ń yí nílẹ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá Òòrẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ dé, ó ń fi ojú wá ibi tí omi wà. Wọ́n di í mú. "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ o!"

"Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́," ni ó wí. "Bí mo bá sì ní kí n gbà á nísinsìnyí, oorun àgbà á gbé mi kí n tó la ẹnu. Òun náà ni yóò sọ ọ́."

"Kò gbọ́ tèmi!" Ìjàpá ń sunkún. "Mo ti sọ òtítọ́, kò gbọ́!"

Yánníbo wọ inú omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. Ó ní, "Ọkọ mi, òtítọ́ nípa ara rẹ nìkan lo sọ, kò kan ọmọ. Jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ yẹn kú?"

Ìjàpá la ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tí yóò jáde. Ẹ̀rù ba òun náà.

"Rárá," ni ó wí. Ẹnu yà á. "Mi ò fẹ́ kó kú. Ó kéré. Bó bá ń kọjá níwájú ilé wa, ó máa ń kí mi. Òun nìkan ló máa ń kí mi tí kì í kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi bóyá mo jí nǹkan."

"Sọ ìyẹn fún odò."

Ìjàpá yíjú sí odò. Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ní, "Odò, jọ̀wọ́, jókòó, nítorí ọmọ yẹn máa ń kí mi."

Odò gbọ́. Ó rọra jókòó, bí ìyá àgbà ṣe máa ń jókòó sórí ẹní. Omi fà sẹ́yìn kúrò lọ́rùn Ìjàpá, kúrò láyà rẹ̀, kúrò ní orúnkún rẹ̀. Ọmọ Ẹtu fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn, ó rìn wá sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń gbọ̀n.

Ẹtu kúnlẹ̀ níwájú Ìjàpá, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ìjàpá, o ṣé o! Ọlọ́run á ṣe é fún ọ! Kí ni kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Ìjàpá fẹ́ sọ pé kò tó ọpẹ́. Ohun tó jáde ni, "Iṣu ẹ̀kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, oyin ìkòkò kan, kó o sì bú Òòrẹ̀ lójú mi."

Ẹ̀rín ta. Àgbò rẹ́rìn-ín títí igi fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹtu náà ń rẹ́rìn-ín mọ́ ẹkún. Ọ̀rọ̀ igi sì tán nìyẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè ò tán. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé Ìjàpá ò lè purọ́, wọ́n yí i ká. Ta ló fọ́ ìkòkò mi? Èmi ni. Ta ló ní mo jẹ́ òmùgọ̀? Èmi náà ni. Ìjàpá, báwo lo ṣe rí orin mi? Ó ń dà mí láàmú. Bó bá ti dáhùn ẹnì kan, ẹni náà á bínú lọ, ẹlòmíràn á gba àyè rẹ̀. Nígbà tí oòrùn máa fi rọlẹ̀, Ìjàpá ti sá lọ sídìí àràbà. Ó nà gbalaja.

"Bàbá, ẹ gbà á padà!"

"Ọjọ́ kan péré, Ìjàpá?"

"Báwo lẹ ṣe ń rù ú ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Mo rò pé ẹ̀ ń gbádùn ni!"

Bàbá Òòrẹ̀ ní, "Láàárọ̀ yìí, Erin kọjá níbí. Ó bi mí bóyá ara òun ti fúyẹ́. Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, ó ti fúyẹ́ dáadáa.' Ó ń jó lọ. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa láyé mi nìyẹn. Ó dùn." Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Lónìí náà, bí ẹnì kan bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi, mo lè kọ̀. Ìwọ ló ń tọrọ yìí."

Ìjàpá ò rò ó síbẹ̀. Ó fi ojú lélẹ̀, ó ń retí.

Bàbá Òòrẹ̀ wo òkè, níbi tí àwọn ẹyẹ ti ń wọ ìtẹ́. Ojú rẹ̀ ò rí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wọn. "Ta ni yóò wá bá ìjì sọ̀rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?" ni ó wí. Ó fa ẹ̀gún kan yọ. "Mú ahọ́n rẹ wá."

Ó fi kan ahọ́n Ìjàpá, ó fi kan ahọ́n ara rẹ̀, ó sì sùn lọ lórí ìdúró.

Ìjàpá bọ́. Ó lè purọ́ bó ṣe wù ú. Ìlara rẹ̀ ńkọ́? Kò tán pátápátá. Bó bá rí Bàbá Òòrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, ojú rẹ̀ ṣì máa ń pọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù bàbá náà lé òun lórí mọ́.

Ìyọnu kan ló kù. Àwọn ẹranko ò gbà gbọ́ pé agbára náà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá ti pàdé rẹ̀, ìbéèrè ni. Kò sì dá òun alára lójú pé kò ṣẹ́kù díẹ̀ sí ìdí ahọ́n òun. Nítorí náà, bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀, kí onítọ̀hún tó bi í ní nǹkan kan, yóò ti yára fa orí àti ẹnu wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, yóò dákẹ́ síbẹ̀ bí òkúta. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí ènìyàn bá sún mọ́ ìjàpá, yóò fa orí wọlé, bó o sì fi gbogbo ọjọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní dá ọ lóhùn.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé rèé, ibẹ̀ ló ti sọ àpò kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ lù ú, kí ahọ́n mi kọ̀ láti pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́: Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró!

— Kò kọ̀ o!